Ọmọ Ọlọ́mọ Tí Mo Pọ̀n Lọ Ra Ọjà Kérésì

Mo ní láti sọ ọ́ báyìí, nítorí dókítà tó yẹ àyà mi wò lóṣù tó kọjá kò bá mi ṣàwàdà. Ó ní ọkàn mi ti wú, pé kí n máa jókòó, kí n má gun àtẹ̀gùn, kí n má bínú. Mo bi í pé ṣé kí n má ronú pẹ̀lú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn kò sí lọ́wọ́ òun. Ó dára. Èmi Agnes, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá Ayọ̀mídé, ẹni tí gbogbo àdúgbò Ìjọ̀kà ní Àkúrẹ́ mọ̀ sí obìnrin jẹ́jẹ́, ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́rùn mi láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tèmi kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Orí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá mi ló jókòó sí, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ṣọ́ọ̀bù. Kúlà oúnjẹ mẹ́ta ni, ńlá, àárín àti kékeré, aláwọ̀ ewé, wọ́n ya òdòdó sí wọn lára. N kò bu oúnjẹ sínú wọn rí. Nítorí kúlà yẹn ni apá ọmọ ọlọ́mọ fi ṣẹ́, nítorí apá yẹn ni wọ́n fi dá ìyá àgbàlagbà kan padà kúrò nílé ọmọ tó bí. Kúlà náà kò sí lórí kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ báyìí. Ibi tó wà, ẹ ó gbọ́.

Ọdún náà ni ọdún tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rìsẹ́ṣọ̀n, tí rẹ́díò ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí ẹni pé ikùn wa kò tíì gbọ́. Ìrẹsì di ohun tí à ń fi ojú kí. Owó ìfẹ̀yìntì mi ń wọlé nígbà tó bá wù ú. Nínú ilé tí mò ń gbé, ìdílé méjì péré la wà níbẹ̀. Èmi wà ní apá ọ̀tún, Adélaní àti ìyàwó rẹ̀ Bùkọ́lá wà ní apá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà la jọ ń gbá. Adélaní ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, Bùkọ́lá sì ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá títì. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wá ọmọ. Mo bá wọn gbààwẹ̀, mo bá wọn jí sí àdúrà. Nígbà tí Ẹniọlá dé ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, lẹ́yìn nọ́ọ̀sì àti ìyá rẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé e. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí, nítorí bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, n kì í lóye ara mi mọ́.

Ìyá Adélaní wá láti Oǹdó láti wá wẹ ọmọ. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà bíi tèmi, ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ dáadáa. Ó ti wẹ ọmọ mẹ́jọ tirẹ̀ àti àwọn ọmọ-ọmọ tí n kò mọ iye wọn. Ẹ̀yin tí wọ́n wẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ bó ṣe ń lọ. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á tẹ́ ọmọ sórí wọn, á fi kànìnkàn àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, á fi òrí pa á lára. Lẹ́yìn náà á ká apá méjèèjì lé ara wọn láyà, á tún nà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, á di apá kan mú, á fi gbé ọmọ sókè fìrì, á ṣe èkejì bẹ́ẹ̀, á wá ju gbogbo rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sì hán an. Ẹniọlá kì í sunkún. Ẹ̀rín ló máa ń rín, tí gbogbo ẹnu rẹ̀ tí kò léyín á ṣí sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, Sátidé tó kù bí ọ̀sẹ̀ kan kí Kérésì pé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo ń dá àpárá. Mo ní, "Màmá, ẹ má fa apá ọmọ já o. Ọdún mẹ́fà la fi wá a." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bùkọ́lá tó ń kó irun tó máa fi ṣiṣẹ́ sínú báàgì náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Adélaní ní ọwọ́ òun mọ ibi tí eegun wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi àpárá yìí pa mọ́ síbì kan, a máa padà bá a.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan wà nígbà náà lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́mẹkùn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, wọn kò ṣẹ̀ mí. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń kọrin lórí rẹ́díò pé ní Sátidé yẹn, láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán gangan, ìdajì owó ni àwọn máa ta ọjà ọdún, ìrẹsì, òróró, mílíìkì, àwo, kúlà. Orin náà wọ̀ mí lára débi pé mo ń kọ ọ́ nígbà tí mò ń fọ abọ́. Ayọ̀mídé ọmọ mi sì ti sọ láti Èkó pé àwọn òbí ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ òun ń bọ̀ wá kí mi lọ́jọ́ kejì Kérésì. Mo wo kúlà méjì tó wà nílé mi. Ara ọ̀kan ti họ, ìdérí èkejì kò dé dáadáa mọ́. Mo ti ń lo kúlà wọ̀nyí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, n kò rí i pé wọ́n họ. Orin rẹ́díò ló là mí lójú.

Sherifat, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ata gígún àti iru ní Ọjà Ọba, la jọ lọ. Aago méje kọjá díẹ̀ nígbà tí a débẹ̀, ìlà ti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, ó ti ṣẹ́ kọ́nà lọ. Ojú mi rí nǹkan lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá mi àtijọ́ ní ilé-ìwé, obìnrin tó máa ń bá wa wí pé olùkọ́ kì í sáré, wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró kó lè rí ààyè jà. A tò títí, ẹsẹ̀ wa kò kúrò lójú kan. Sherifat ló ṣàkíyèsí pé àwọn kan ń bọ́ síwájú láìtò. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, ń pariwo, "Ùyá ọlọ́mọ, ẹ bọ́ síwájú." Ṣé ẹ mọ̀ wá, a kì í jẹ́ kí ẹni tó pọ̀nmọ dúró sínú oòrùn. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Sherifat fi ẹnu tọ́ka sí obìnrin kan tó ń wọlé, ó ní, "Tíṣà, ẹ wo ìyẹn. Àbúrò ọkọ mi ló fẹ́ ẹ. Kò tíì bímọ rí. Ó lọ yá ọmọ ni." Ó wá wò mí. Mo dá ọ̀kadà dúró.

Nígbà tí mo délé, Bùkọ́lá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyá Adélaní nìkan ló wà lọ́dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lórí itan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn gbé e kí wọ́n lè fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, pé ọ̀dọ̀ Sherifat ni mo fẹ́ yọjú sí. Kì í ṣe irọ́. Ọ̀dọ̀ Sherifat ni mò ń lọ lóòótọ́. Bí mo ṣe máa ń parọ́ nìyẹn, ẹ ó rí i, n kì í sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọmọ lé mi lẹ́yìn, ó fa ọ̀já le, ó ní, "Ìyá Ayọ̀, ẹ rọra rìn o." Ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru tòru. Mo ti fi òwe yìí kọ́ ọmọ ní kíláàsì títí ẹfun fi tán lọ́wọ́ mi, n kò mọ̀ pé èmi ni wọ́n pa á fún.

Lórí ọ̀kadà tó ń gbé mi padà lọ, Ẹniọlá na ọwọ́ ọ̀tún láti ẹ̀yìn, ó di yẹtí mi mú ní apá ọ̀tún, ó ń fà á. Ó fà á débi tí mo fi ní yéè. Ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí máa lágbára. Ẹ fi èyí náà pa mọ́.

Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà rí mi, ó ní, "Ùyá àgbà, ẹ wọlé," ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Sherifat di ẹ̀yìn aṣọ mi mú, ó ní ìdílé kan náà ni wá, a jọ wọlé. Inú ibẹ̀ gbóná. Àwọn ènìyàn ń já nǹkan gbà lọ́wọ́ ara wọn láìbínú, tí wọ́n ń sọ pé ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kú ọdún, tí ọwọ́ wọn kò sì dúró. Mo rí ẹni tó gbé ìdì ìgbálẹ̀ mẹ́rin. Kí ló fẹ́ fi ìgbálẹ̀ mẹ́rin ṣe? Ìrẹsì ni èmi sọ pé mo wá rà. Bóyá ìrẹsì ti tán nígbà náà, bóyá kò tíì tán, n kò lè sọ, nítorí n kò dé ibi ìrẹsì. Ibi tí kúlà wà ni ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ.

Páálí kan ṣoṣo ló kù. Mo gbá a mú. Obìnrin kan tó wọ aṣọ búlúù gbá apá kejì rẹ̀ mú. Mo ní, "Àǹtí, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibí." Ó ní òun náà kọ́kọ́ débẹ̀. A ń fà á bí àwọn ọmọ kékeré. Ẹniọlá wúwo lẹ́yìn mi, ọ̀já ti ń dẹ̀, ọwọ́ kan kò sì tó mi lò. Mo tú ọmọ náà. Ọwọ́ kan ni mo fi tú u, èkejì wà lára páálí. Mo gbé e lé orí àwọn páálí ọṣẹ tí wọ́n tò lérí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ga dé àyà mi, mo ní, "Sherifat, bá mi wò ó." Sherifat ní, "Ẹn." Ó búra fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò gbọ́ ohun tí mo sọ, pé òróró ni òun ń bá ẹnì kan fà, pé ẹni tó ń bá òun fa òróró ni òun ń dá lóhùn.

Ibi tó rú mi lójú nìyí. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń rò ó, kò yé mi. Ẹnì kan fa páálí ọṣẹ kan yọ nísàlẹ̀, ìyẹn dá mi lójú. Mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí àpò gààrí kékeré bá já bọ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ igbe. Obìnrin aláṣọ búlúù wo ilẹ̀, ó la ẹnu, ó sì fi páálí sílẹ̀. Ṣé kí igbe tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti yí padà? Mo máa ń sọ fún ara mi pé kíákíá ni, pé bí mo ṣe gbọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ gbé ọmọ náà, páálí kúlà wà lábẹ́ apá mi. Ta ló fi síbẹ̀? Ẹni tó yí padà kíákíá kì í ní páálí lábẹ́ apá. Mo ti gbìyànjú láti rántí ìgbà tí mo gbé e, ó dà bíi pé wọ́n gé ibẹ̀ kúrò. Mo sì tún tò láti sanwó. Pẹ̀lú ọmọ tó ń ké lẹ́yìn mi, mo tò, mo sanwó, mo ní kí wọ́n bá mi fi ọ̀rá wé e dáadáa. Ṣé ènìyàn ni mo jẹ́ ni?

Apá ọ̀tún ọmọ náà ń fì sílẹ̀ bí apá aṣọ. Nígbàkígbà tí mo bá fọwọ́ kàn án, igbe rẹ̀ á yàtọ̀. Sherifat ní ọmọdé ń ṣubú, kò sí nǹkan kan, eegun wọn rọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má dá ogun sílẹ̀ nínú ilé ọlọ́mọ. Ẹ pa ẹnu mọ́." A yà sí kẹ́míìsì, mo ra oògùn omi tí wọ́n máa ń fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, mo fún un ní ṣíbí kan, mo tún fún un ní ìdajì. Ó sùn. Mo gbé páálí kúlà sí ìsọ̀ Sherifat kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí níbi tí mo ti rà á, mo sì gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé. Ìyá Adélaní gbà á lẹ́yìn mi rọra, ó ní, "Ó ti sùn? Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ayọ̀." Ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Oorun yẹn pẹ́.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Bùkọ́lá dé, tó fẹ́ pààrọ̀ aṣọ fún ọmọ rẹ̀. Igbe tí Ẹniọlá ké nígbà tí wọ́n fẹ́ fa apá rẹ̀ bọ aṣọ ló gbé èmi náà jáde. Adélaní fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé gbogbo wa lọ sí ọsibítù, èmi pẹ̀lú, nítorí aládùúgbò rere ni mí. Wọ́n ya àwòrán eegun. Dókítà ọ̀dọ́ kan fi hàn wá, ó ní eegun apá ti ṣẹ́ lẹ́bàá èjìká. Ó bi wá bóyá ọmọ náà ṣubú. Bùkọ́lá ní rárá. Mo wo ẹsẹ̀ ara mi. Ó wá béèrè pé, "Ta ló ń wẹ ọmọ yìí? Ṣé ẹ máa ń fa apá rẹ̀ bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́?" Ìyá Adélaní gbé ọwọ́ méjèèjì sókè díẹ̀, ó ń wò wọ́n, ó ní, "Èmi ni."

Nígbà tí a padà délé, ẹkún Bùkọ́lá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó. Ó ní ọdún mẹ́fà, ó ní ọdún mẹ́fà ni òun fi tọrọ. Ọkọ rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́, ó ní màmá kò lè mọ̀ọ́mọ̀. Bùkọ́lá kọjú sí mi. Ó ní, "Mọ́mì Ayọ̀, ẹ̀yin náà sọ ọ́ láàárọ̀. Ẹ ní kí wọ́n má fa apá ọmọ já. Ṣé ẹ kò sọ ọ́ ni?" Gbogbo wọn wò mí. Ìyá Adélaní náà wò mí. Kò wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí n gba òun sílẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ rántí nǹkan tó gbàgbé, tó rò pé mo lè ràn án lọ́wọ́. Ohun tí mo fi ń ṣọ́ ẹnu mi láti ìgbà náà nìyí. Mo ní, "Mo sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Òtítọ́ sì ni. Bí wọ́n bá gbé Bíbélì fún mi, mo lè búra lé e. Adélaní, tó ń wá ọ̀nà àbáyọ fún ìyá rẹ̀, tún bi mí bóyá ọmọ náà bọ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbé e jáde, pé kí n má bẹ̀rù, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi mí ṣe. Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún mi yẹn. Mo ní rárá, ó sùn lẹ́yìn mi títí a fi délé. Ìyá Adélaní gan-an ló tì mí lẹ́yìn. Ó ní, "Òótọ́ ni, oorun ló ń sùn nígbà tí mo gbà á." Bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn náà nìyẹn, tí ẹni tí mo tì í mọ́ sì bá mi fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, Adélaní gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Oǹdó. Kò lé e, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó ní kí wọ́n lọ sinmi ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ ní kó lọ sinmi nígbà tí Kérésì ku ọjọ́ mélòó kan mọ ohun tí wọ́n sọ fún un. Aṣọ tó rán láti wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nínú báàgì rẹ̀. Ó yà sẹ́nu ọ̀nà mi, ó fi ohùn Oǹdó rẹ̀ sọ pé, "Ìyá Ayọ̀, ẹ bá mi máa wo ọma mi o. N kò mọ̀ pé ọwọ́ mi ti le tó báyìí." Mo ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wọn lọ́nà.

Àwọn àna Ayọ̀mídé wá lóòótọ́. Mo ti lọ gbé páálí náà wá láti ìsọ̀ Sherifat, ṣùgbọ́n inú kúlà àtijọ́ ni mo bu ìrẹsì sí fún wọn, nítorí ọwọ́ mi kò lè tú ọ̀rá yẹn. Wọ́n jẹun, wọ́n yìn mí, kò sí ẹni tó wo kúlà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ, kò sí ẹni tó wò ó.

Eegun náà jinná, ṣùgbọ́n apá yẹn kò gòkè kọjá èjìká mọ́. Mò ń bá Ẹniọlá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọ ilé-ìwé. Bí mo bá béèrè ìbéèrè, apá òsì ló ń nà sókè. Ó máa ń pè mí ní Gíráńmà. Láti ọdún mẹ́jọ, ìyá bàbá rẹ̀ ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á jókòó, á jẹun, á padà lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lóṣù tó kọjá Bùkọ́lá bí ọmọ kejì, obìnrin, Olúwatúnmiṣe. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n ń gbé ọmọ náà kárí láti ọwọ́ sí ọwọ́. Nígbà tó kan ìyá Adélaní, ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kàn wò ó. Wọ́n gbé ọmọ náà kọjá, wọ́n gbé e fún mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni dókítà sọ ọ̀rọ̀ ọkàn mi.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo gbé páálí kúlà náà lé itan, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ọwọ́ Òdòjọmu ni ilé rẹ̀ wà. Ó jókòó níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, ìlà, ọmọ yíyá, páálí ọṣẹ, oògùn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo sọ. Mo gbé páálí sí iwájú rẹ̀ kó rí i. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó fi ọwọ́ nù mí lójú, nítorí mò ń sunkún. Ó wá ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Ayọ̀. Wọ́n ti bẹ̀ mí títí, wọ́n ti gbàdúrà fún mi títí, kò sí ẹni tó tíì fẹ́ bá mi ru ẹ̀ṣẹ̀ mi tó báyìí."

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ọma mi, mo rántí i. Mo rántí bí eegun náà ṣe ró lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yẹn. Kékeré báyìí, ó dún tó. Mo gbọ́ ọ." Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí náà, nítorí ó burú ju púpọ̀ nínú ìyókù lọ. Fún ìṣẹ́jú kan, mo fẹ́ gbà á gbọ́. Mo ní bóyá ó ti ṣẹ́ láàárọ̀ lóòótọ́, bóyá ohun tí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe nǹkan kan, bóyá èmi ni mò ń dààmú ara mi lásán. Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú yẹn. Yẹtí ló gbà mí. Mo rántí ọwọ́ ọ̀tún tó ń fa yẹtí mi lórí ọ̀kadà, tí mo fi ní yéè. Apá tó ti ṣẹ́ kì í fa yẹtí. Mo sọ ìyẹn náà fún un. Ó mi orí, ó ní ẹ̀mí rere ni mo ní, pé Ọlọ́run á san án fún mi. Ó gbà pé kúlà náà ni ẹ̀bùn Kérésì tí mo gbé wá fún òun. Ó tú ọ̀rá rẹ̀ níṣojú mi, ó ní ó rẹwà, ó sì da ẹ̀wà tó ṣà sínú kékeré. Ó gba àdúrà tó gùn fún mi. Mo ṣe àmín.

Nítorí náà ni mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu mi nìkan kò tó. Èmi tí mo fi òtítọ́ parọ́, mo wá sọ òtítọ́ tán, wọ́n pè é ní àánú. Sherifat ti gbà láti tẹ̀ka sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí, ó ní òun náà kò sùn dáadáa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí orin ọjà ìdajì owó ń dún nínú fóònù yín ní gbogbo oṣù Kejìlá, n kò lè ní kí ẹ má rajà, ebi kò jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yín kan kò bá tó yín fà á, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lẹ́yìn yín.

Adélaní, Bùkọ́lá, n kò tíì ní ojú láti ní kí ẹ forí jì mí. Bó bá di ọjọ́ kan tí ó ṣeé ṣe, mo bẹ̀ yín, ó dọwọ́ yín. Ẹ̀bẹ̀ mi ti òní yàtọ̀. Ẹ gbé Olúwatúnmiṣe lọ sí Oǹdó kí Kérésì tó dé. Ẹ ka ìwé yìí fún màmá, ẹ ka ibi yẹtí lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọn kò bá gbà á gbọ́ síbẹ̀, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ gbé omi kaná. Ẹ gbé àpótí fún wọn, ẹ fa ọwọ́ wọn yọ lábẹ́ itan, kí ẹ tẹ́ ọmọ náà sórí ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin méjèèjì jáde síta, kí ẹ má dúró wò wọ́n.